Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń kígbe pé ìrántí òun ti kún: kí a tó náwó, kí la lè yẹ̀ wò?

Atẹ̀wé Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Lágere níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀. Pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ onítábìlì ni mo fi ń ṣe é: ọpọlọ Core 2 Duo, RAM 4GB, hard disk 160GB, Windows 10. Ó ti sìn mí dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá, bí mo bá ṣí èyí tó ní àwòrán púpọ̀, Word á dákú, tàbí kí Windows kọ ọ́ síwájú mi pé “Your computer is low on memory”. Nígbà mìíràn, Word á ní “There is insufficient memory or disk space. Word cannot display the requested font.” Ohun tí mo ti tẹ̀ á sì lọ, nígbà tí ọmọ tó ni iṣẹ́ dúró tì mí, tí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ti pé.

Ẹnjiníà kan wò ó, ó ní ayé rẹ̀ ti tán, kí n lọ ra òmíràn. Owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́? Àbí kí n kàn ra RAM kún un?

Olùtúnṣe Sábó

Ẹ kú làálàá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Mo ti rí àwọn tó ra RAM tí ìṣòro náà kò kúrò, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni RAM fúnra rẹ̀ ló ń fa ọ̀rọ̀ yẹn jáde.

RAM ni àtẹ tí ọjà wà lórí rẹ̀, hard disk ni àká ẹ̀yìn ilé. Bí àtẹ bá ń kún, Windows á kó ohun tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà díẹ̀ lọ sí àká, sínú fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní page file. Àpapọ̀ RAM àti page file ni gbogbo àyè tí Windows ní láti pín fún àwọn ètò.

Nígbà tí gbogbo ohun tí ẹ sábà máa ń lò bá wà ní ṣíṣí, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Task Manager á yọ. Ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tẹ Memory. In use nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò. Ẹ̀yin ẹ wo Committed. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni àyè tí Windows ti ṣèlérí fún àwọn ètò, ti ìkejì ni ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìkejì dọ́gba, ètò tó bá tún béèrè àyè kò ní rí i gbà. Ìgbà yẹn ni ìkìlọ̀ náà máa ń jáde.

Ẹ tún wo iye àyè tó kù lórí C, ìyẹn apá hard disk tí Windows wà. Bí C bá ti kún, page file kò ní ríbi fẹ̀ sí. Ẹ bá wa kọ gbogbo rẹ̀ síbí.

Atẹ̀wé Lágere

Ẹ ṣeun gan-an. Committed jẹ́ 3.9/4.1 GB. Lórí C, àyè tó kù kò tó 1GB, ìlà rẹ̀ ti pupa. D, apá kejì hard disk náà, ní nǹkan bí 70GB tó ṣófo. Nínú Processes, Chrome ló wà lókè pátápátá, torí WhatsApp Web àti ìmeèlì tí àwọn ọmọ fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Antivirus méjì ni mo sì rí níbẹ̀. Ohun kan tún yà mí lẹ́nu: ó kọ ọ́ pé RAM jẹ́ 4.00 GB, ṣùgbọ́n 2.98 GB nìkan ló ṣeé lò. Ibo ni ìyókù wọlé sí?

Bàbá Parakin

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju bí o ṣe rò lọ. Lọ sí Settings, System, About, kí o ka ohun tó wà níwájú System type. Ó dá mi lójú pé Windows 32-bit ni wọ́n gbé sí i.

Bíìtì 32 kò lè ṣẹ̀dá ju àdírẹ́sì 4,294,967,296 lọ, báìtì kan sì ni àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Ìyẹn ni 4GB. Káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ mìíràn gbọ́dọ̀ gba àdírẹ́sì tiwọn nínú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù ni 2.98 tí o rí. Bí o bá ra RAM 4GB mìíràn kún un lónìí, owó rẹ á kàn jókòó sínú ẹ̀rọ ni, Windows náà kò ní lò ó.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Lórí Windows 32-bit, 2GB ni ètò kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní láti fi ṣiṣẹ́, bó ti wù kí RAM pọ̀ tó. Nítorí náà Word lè sọ pé àyè tán nígbà tí Task Manager ṣì ń fi àyè hàn ọ́. Èèyàn á rò pé irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa.

Core 2 Duo lè gbé Windows 64-bit. Ṣùgbọ́n a kì í sọ 32 di 64 lórí èyí tó wà nílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n máa nu C mọ́ kí wọ́n tó gbé tuntun sí i. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún ọ nísinsìnyí tí iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀. Bí RAM kò bá sì tíì ju 4GB lọ, èrè rẹ̀ kéré, torí 64-bit fúnra rẹ̀ ń jẹ RAM ju 32-bit lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Modákẹ́kẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, mà. C yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Ẹ tẹ àmì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ cleanmgr, kí ẹ sì yan C. Ẹ tẹ “Clean up system files”. Bí Windows.old bá wà níbẹ̀, òun nìkan lè gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ GB, ẹ sì lè pa á rẹ́ bí Windows tó wà lórí rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ %temp% nínú àpótí R kan náà, ẹ pa ohun tó bá gbà kí ẹ pa á níbẹ̀, ẹ fi èyí tó bá kọ̀ sílẹ̀. Ẹ kó Downloads lọ sí D. Ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, Downloads ni iṣẹ́ àwọn oníbàárà láti ọdún pípẹ́ ń kó jọ sí láìsí ẹni tó rántí.

Nǹkan mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Fáìlì kan tó fara pamọ́ wà lórí C, hiberfil.sys lórúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Windows ń kó ohun inú RAM sí bí a bá ní kó sùn pẹ̀lú Hibernate. Ó sábà máa ń tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún RAM. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí Administrator, kí ẹ kọ powercfg /h off. Fáìlì náà á lọ, Fast Startup náà á sì dákẹ́. Èyí kejì ṣe pàtàkì, torí bí Fast Startup bá wà, Shut down lálẹ́ kì í pa gbogbo nǹkan tán; apá kan inú Windows á kàn sùn ni, á sì jí lówùúrọ̀ pẹ̀lú ẹrù àná. Restart nìkan ló ń bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Olùtúnṣe Sábó

Òótọ́ làbúrò sọ. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé bí ẹ bá ní UPS tó ń fi Hibernate gba kọ̀ǹpútà là nígbà tí iná bá lọ, ẹ má pa á. Bí iná ṣe ń ṣe wa yìí, iṣẹ́ tí kò sọnù dára ju 1GB àyè lọ.

Antivirus méjì kò gbọdọ̀ wà lórí ẹ̀rọ kan. Ẹ yọ èyí tí àkókò rẹ̀ ti parí nínú Apps. Bí ẹ bá yọ méjèèjì pàápàá, Defender tó bá Windows 10 wá á jí fúnra rẹ̀.

Ó wá ku page file. Ẹ tẹ àmì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ sysdm.cpl. Ẹ lọ sí Advanced, ẹ tẹ Settings tó wà lábẹ́ Performance, ẹ tún lọ sí Advanced, kí ẹ tẹ Change. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú “Automatically manage”. Ẹ yan D, ẹ fi àmì sí “System managed size”, ẹ tẹ Set. Ẹ má gbàgbé Set yẹn, torí bí ẹ bá tẹ OK láìtẹ Set, kò ní yí padà. Ní ti C, ẹ fi èyí tó kéré sílẹ̀ níbẹ̀. Bí Windows bá kìlọ̀ pé ó kéré jù, ẹ fi iye tí ìkìlọ̀ náà bá dárúkọ sí i, torí page file orí C ló fi ń ṣàkọsílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá kú lójijì. Lẹ́yìn náà, Restart.

Ọmọ Mọ̀rè

Ẹ̀gbọ́n, mo kà á níbì kan pé kí èèyàn pa page file pátápátá, pé ẹ̀rọ á yára. Èmi ti pa tèmi.

Olùtúnṣe Sábó

Àbúrò, RAM mélòó ni ẹ̀rọ rẹ ní? Bí ó bá jẹ́ 4GB, jọ̀ọ́ dá a padà lónìí. Bí page file kò bá sí, iye RAM nìkan ni Committed lè dé. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ yóò falẹ̀ nígbà tó bá kún, ńṣe ni ètò yóò kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìfalẹ̀ sàn ju kí iṣẹ́ sọnù. Mo bẹ gbogbo ẹni tó ń ka èyí: ẹ má pa á.

Bàbá Parakin

Kí ó tún yé wa pé C àti D orí ẹ̀rọ Atẹ̀wé Lágere, hard disk kan náà ni. Gbígbé page file lọ sí D kò ní mú un yára. Àyè ló ń wá, àyè ló sì máa rí. Ẹni tó bá fẹ́ kó yára, SSD, irú disk tó yára ju hard disk lọ, ni kó rà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ á hàn sí i láti ìgbà tó bá ti tan ẹ̀rọ.

Tíṣà Ẹ̀nuwá

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwòrán, torí ibẹ̀ ni mo rò pé ìdí iṣẹ́ yìí wà, kò sì sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kàn án.

Àwọn ọmọ ń fi fóònù ya àwòrán oko, odò tàbí ohun èlò iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ Word bó ṣe wà. Àwòrán fóònù tó jẹ́ mẹ́gápísẹ́ẹ̀lì 12 jẹ́ 4000 ní ìbú, 3000 ní òró. Lórí disk, ó lè má ju 3 tàbí 4MB lọ, torí JPEG ti fún un pọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lè hàn lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ sínú RAM. Písẹ́ẹ̀lì mílíọ̀nù 12, báìtì 4 fún ìkọ̀ọ̀kan, ó di 48MB. Àwòrán 20 nínú orí kan ti sún mọ́ 1GB bí gbogbo wọn bá ní láti tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá rántí 2GB tí Bàbá sọ pé ètò kọ̀ọ̀kan ní. Èyí ló fi jẹ́ pé fáìlì tó dà bíi pé kò tóbi ń dá Word wólẹ̀.

Ẹ tẹ àwòrán kan nínú iṣẹ́ náà, ẹ lọ sí Picture Format, ẹ tẹ Compress Pictures. Ẹ yọ àmì tó wà níwájú “Apply only to this picture” kó lè kan gbogbo wọn, ẹ fi àmì sí “Delete cropped areas”, kí ẹ yan 150 ppi (iye písẹ́ẹ̀lì nínú íǹṣì kan). Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ yan 220. Ẹ fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ sórí D kí ẹ tó ṣe é, torí ohun tí a bá ti fún pọ̀ báyìí kì í padà.

Kí iṣẹ́ má baà máa sọnù, ẹ lọ sí File, Options, Save, kí ẹ sọ AutoRecover, tó ń bá yín fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra rẹ̀, di ìṣẹ́jú 2. Ìṣẹ́jú 10 ló sábà máa ń wà. Orí kọ̀ọ̀kan náà, ẹ jẹ́ kó ní fáìlì tirẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe àtúnṣe tán. Ẹ wá so wọ́n pọ̀ nígbà tó bá kù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Modákẹ́kẹ́

Ti Chrome náà ńkọ́? Bí ẹ bá wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ Shift àti Esc: á fi iye tí táàbù kọ̀ọ̀kan ń jẹ hàn yín. Ẹ lọ sí Settings, Performance, kí ẹ tan Memory Saver, kó lè máa gba RAM padà lọ́wọ́ táàbù tí ẹ kò lò. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣiṣẹ́ jù ni kí ẹ gba iṣẹ́ ọmọ náà sílẹ̀, kí ẹ pa Chrome dé, kí ẹ tó ṣí Word.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Iléṣà ni mo wà, ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti RAM, torí ọjọ́ kan ẹ ṣì máa rà á.

Kọ̀ǹpútà Core 2 Duo kan lè gba irú RAM tí wọ́n ń pè ní DDR2, òmíràn DDR3. Méjèèjì ní ẹsẹ̀ wúrà 240 fún ti onítábìlì, wọ́n sì jọra lójú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé sí láàárín yàtọ̀, iná tí wọ́n ń gbà yàtọ̀: DDR2 ń gba fóltì 1.8, DDR3 ń gba 1.5. Bí kò bá wọlé, ẹ má fipá tì í. Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀. PC2 ní ìbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí DDR2, PC3 sì ni DDR3. Ẹ tún wádìí iye tó pọ̀ jù tí bọ́ọ̀dù yín lè gbà, torí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ìgbà yẹn kò gba ju 4GB tàbí 8GB lọ.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín láìdán an wò. Nínú Windows, àmì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ mdsched: ẹ̀rọ á tún ara rẹ̀ tan, á sì yẹ RAM wò. RAM tó bàjẹ́ kì í kàn sọ pé àyè kò tó. Ojú aláwọ̀ búlúù ló máa ń gbé jáde, bíi MEMORY_MANAGEMENT. Bó bá jẹ́ ìyẹn lẹ rí, ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnì ìtanná kí iná tó kù nínú rẹ̀ lọ, ẹ fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀, ẹ yọ RAM, kí ẹ fi írésà rírọ̀ nu ẹsẹ̀ wúrà rẹ̀. Eruku ọyẹ́ máa ń bo ibẹ̀.

Ọmọ Mọ̀rè

Mo ti dá page file tèmi padà. Ṣé Linux, tí a lè fi rọ́pò Windows, kò ní rọrùn fún màmá báyìí? Lubuntu, irú Linux kan, fúyẹ́.

Bàbá Parakin

Ó fúyẹ́ lóòótọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà nílé. Ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé ni tirẹ̀. Bí LibreOffice, tí wọ́n ń lò dípò Word lórí Linux, bá ṣí iṣẹ́ tí wọ́n fi Word ṣe, ojú ìwé lè yẹ̀, nọ́ńbà inú àtòjọ orí iṣẹ́ lè ṣí nípò, olùkọ́ á sì dá iṣẹ́ padà fún ọmọ. N kò ní gbà á níyànjú fún un.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí gbogbo wa fi sọ́kàn ni pé Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 kò ní 32-bit rárá, ó sì ń béèrè TPM 2.0, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó wà fún ààbò, èyí tí ẹ̀rọ Core 2 Duo kò ní. Nítorí náà, ọmọ mi, lo ẹ̀rọ yẹn fún ìwé títẹ̀. Má fi ṣe ọ̀rọ̀ báńkì, má sì jẹ́ kí fíláàṣì àwọn ọmọ wọlé láìjẹ́ pé Defender yẹ̀ ẹ́ wò.

Atẹ̀wé Lágere

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo gba C sílẹ̀, Windows.old wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo yọ antivirus tó ti kú, mo gbé page file lọ sí D. Committed ti di 2.8/6.9 GB báyìí nígbà tí Word àti Chrome jọ wà ní ṣíṣí. Iṣẹ́ ọmọ kan tó kún fún àwòrán igi kòkó, tó ti ń dá mi lágara, mo fún àwòrán inú rẹ̀ pọ̀ bí Tíṣà ṣe wí, ó ṣí, ó sì jáde láti orí kìíní dé orí ìkarùn-ún láìdákú.

Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ “cannot display the requested font” yẹn ṣì máa ń yọjú, àní nígbà tí mo bá ṣí ìwé tó ṣófo.

Olùtúnṣe Sábó

Ẹ kú oríire, mà. Bó bá ti ń yọ lórí ìwé tó ṣófo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ RAM mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Normal.dotm ti bàjẹ́, ìyẹn àwòṣe tí Word fi ń ṣí gbogbo ìwé tuntun. Ẹ pa Word dé pátápátá. Nínú àpótí R, ẹ kọ %appdata%\Microsoft\Templates. Ẹ yí orúkọ Normal.dotm sí Normal-atijo.dotm, ẹ má pa á rẹ́. Bí ẹ bá tún ṣí Word, á ṣe tuntun fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣètò ààlà ojú ìwé tàbí lẹ́tà tí ẹ fẹ́ràn sínú ti tẹ́lẹ̀, ẹ ó tún un ṣe.

Ẹ wo C:\Windows\Fonts náà. Àwọn ọmọ máa ń mú fọ́ǹtì ìpè àsè wá, a sì máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí i. Ẹ yọ èyí tí ẹ kò lò, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan Segoe UI, Arial, Times New Roman àti Calibri. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ya fọ́tò ohun tó gbé jáde, kí ẹ fi síbí.